Àwòdì Kò Lójú Nípàkọ́

Wọ́n ní bàbá arúgbó kan ló na ọ̀pá sí òkun, tí òkun sì sá fún un. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri nìyẹn. Wọ́n ní bàbá náà kò tíì na ọ̀pá ọ̀hún tán tí omi fi ká ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹní, tó gbé ìgbì rẹ̀ kọ́ èjìká, tó sì kọrí sílé, tó fi gbogbo òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò sójú ayé. Nígbà tí ìtàn náà fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tò síwájú ilé oníbúrẹ́dì, ọ̀pá ti di irin, irin sì ti ń yọ iná. Obìnrin kan tiẹ̀ búra níbẹ̀ pé òkun bẹ bàbá náà, pé ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó." Wọ́n bi í pé èdè wo ni òkun fi bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò sí níbẹ̀ o, àbúrò òun tó rí i lórí fóònù ló sọ fún òun.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Èyí ò tíì lọ tó oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí òtítọ́ tètè jí, kó fẹnu gba omi díẹ̀, kó wọ bàtà rẹ̀, kó máa bọ̀.

Ọmọ bàbá tó ni ọ̀pá yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ lè fò o. Àtẹ̀gùn ilé wọn lásán, tó bá gùn ún dé àjà kẹta, ńṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré lé ọkọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń fò, dúróònù, kiní kékeré oníyẹ́ mẹ́rin tó gbé kámẹ́rà há abẹ́ àgbọ̀n. Iṣẹ́ tó ń fi í ṣe kò lóǹkà. Ó ń bá àwọn tó ń ta ilé ya òrùlé. Ó ń bá àwọn ẹlẹ́rọ ya òpó gíga tí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gùn. Ó tún máa ń ya ọkọ àti ìyàwó láti òkè lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ìyàwó lè rí i dájú, kí ilẹ̀ tó ṣú, bí orí ọkọ òun ṣe pá tó.

Yàrá rẹ̀ ò gbà ju ibùsùn kan àti tábìlì kan lọ. Kọ̀ǹpútà méjì wà lórí tábìlì náà, èyí tó fi ń gé àwòrán àti èyí tó kàn ń gbóná. Bátìrì mẹ́fà tò sójú fèrèsé bí ẹyin adìyẹ. Abẹ́ àga ni àwọn ife tíì ń gbé, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé wọ́n ti ń bára wọn ṣe ẹbí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, tí àwọn ọmọ inú ilé náà sì sọ ní Àǹtí Eyín, kì í wọ yàrá yẹn láìfi ọwọ́ dí imú. "Mo ti rí ẹnu tó bàjẹ́," lohun tó máa ń sọ, "ṣùgbọ́n àwọn yẹn ṣì ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀."

Àwọn méjèèjì ló ń gbé pẹ̀lú bàbá wọn, Bàbá Atọ́kọ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ ní èbúté. Bí ọkọ̀ ńlá kan bá ti òkèèrè dé, tí ọ̀gákọ̀ rẹ̀ ò mọ ojú omi ibẹ̀, bàbá yìí ni wọ́n máa ń fi ọkọ̀ kékeré gbé lọ bá a. Yóò gun àkàbà okùn wọnú ọkọ̀ náà, yóò dúró ti ọ̀gákọ̀, yóò máa nawọ́ síhìn-ín, yóò máa nawọ́ sọ́hùn-ún, títí irin tó tóbi ju òpópónà kan lọ fi máa fẹ̀yìn rọra jókòó sí ẹ̀bá ògiri èbúté, tí kò ní ha ọ̀dà ara rẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, kò kúrò létí omi. Ojoojúmọ́ ló ń lọ kí i, bí ẹni tó ń lọ kí àna.

Àfi ọjọ́ tó ra ọsàn bọ̀. Nígbà tó ku àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún kó dé ẹnu ọ̀nà wọn lókè, ẹsẹ̀ yọ̀. Ọsàn mẹ́tàdínlógún ló yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, Bàbá ló ṣe ìkejìdínlógún. Egungun ìgbáròkó rẹ̀ kán. Wọ́n tò ó, ó jinná. Dókítà ní ó jinná dáadáa, ó tiẹ̀ ní ó wu òun bí ó ṣe jinná. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ kọjá, Bàbá kò tẹ àtẹ̀gùn kankan. Méjìléláàádọ́ta ni wọ́n látòkè dé ilẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó jẹ́ káwọn jọ sọ̀kalẹ̀, ó máa ní ẹsẹ̀ òun ò tíì fún òun láyè. Dókítà ní ẹsẹ̀ ti fún un láyè tipẹ́, ọkàn ló kù.

Ó wá jókòó sójú fèrèsé tí kò kọjú sí nǹkan kan ju ògiri ilé kejì lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti gbé imú sókè lójijì, tí yóò ní, "Omi ti ń fà." Òkun tó máa ń kún, tó sì máa ń fà sẹ́yìn kúrò létí ilẹ̀ lójoojúmọ́, ló ní lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Àǹtí Eyín máa ń fèsì pé, "Ẹ kú ìmọ̀, Bàbá," á tún lọ sí ilé ìdáná, á fi omi ẹ̀rọ bọ́jú, kó tó wá máa bú àbúrò rẹ̀ nítorí ife tíì. Òun ló mọ̀ pé lójoojúmọ́, àga ojú fèrèsé yẹn ń gba bàbá àwọn mọ́ra sí i. Bí èèyàn bá pẹ́ lórí irú àga bẹ́ẹ̀, kì í tún dìde.

Ibi tọ́rọ̀ dé dúró nìyẹn nígbà tí àwọn aláṣẹ èbúté kọ́ gbọ̀ngàn tuntun tí èrò á ti máa dúró de ọkọ̀. Wọ́n ní káwọn fi fídíò sí ara ògiri rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta, etíkun wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹyẹ ṣe ń rí i. Wọ́n fi iṣẹ́ lọ Àwòdì. Ó fi òwúrọ̀ mẹ́sàn-án ṣe é. Ó máa ń débẹ̀ kí oòrùn tó gòkè, torí tó bá ti di ọ̀sán gangan, ojú òkun á máa dán bíi páànù tuntun, kámẹ́rà ò ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ó fi gíláàsì dúdú bo ojú kámẹ́rà, bí ẹni tó wọ awò oòrùn fọ́mọ rẹ̀. Àṣírí iṣẹ́ náà sì ni pé kéèyàn má kánjú. Àtàǹpàkò méjì ló wà lórí ìdarí, àpótí kékeré olójú àwòrán tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ látilẹ̀, bí ẹni ń rọra ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lèèyàn sì gbọ́dọ̀ máa tì í. Ẹyẹ òkun kan lé ẹ̀rọ náà lówùúrọ̀ kẹrin, ó rò pé ọkọ tuntun ló dé. Àwòdì ya ìyẹn náà mọ́ ọn.

Gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, àfi àwòrán ìparí. Ohun tó ń wù ú ni pé kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ níbi orí ògiri òkúta tó na ara rẹ̀ wọnú omi, kó súnmọ́ ọn bí ojú ṣe súnmọ́ imú, kó wá máa fẹ̀yìn lọ sójú òkun díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo etíkun, ilé àti òkè fi máa wọ inú àwòrán kan ṣoṣo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dúróònù rẹ̀ ò lójú nípàkọ́. Tó bá ń fẹ̀yìn fò, iwájú nìkan ni kámẹ́rà ń wò, ẹni tó ń darí rẹ̀ ò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òpó iná kan wà nínú omi níbẹ̀, tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀. Òpó yẹn ló pa dúróònù tó ní kó tó ra èyí. Gbàù kan, ó parí. Kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀ dòní.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí aláǹgbá, á sá. Àwòdì wá dá ọgbọ́n kan. Ó gbé ẹ̀rọ lọ jìnnà, ó jẹ́ kó fojú síwájú fò láti òkun wá sí orí ògiri. Nígbà tó délé, ó yí àwòrán náà padà lórí kọ̀ǹpútà, ìparí di ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ di ìparí. Èyí tó ń wọlé wá di èyí tó ń jáde lọ. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun, àwọn tó ń gé àwòrán máa ń dá a. Òkúta ò mọ̀. Òrùlé ò mọ̀. Omi nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ìfófó funfun ń dìde lára òkúta, ó ń kó ara rẹ̀ jọ, ó di ìgbì, ìgbì náà kẹ̀yìn sílẹ̀, ó ń padà sójú agbami. Àwòdì rí i. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fọwọ́ họ orí. "Ta ló ń wo omi?" ló sọ fún ara rẹ̀. Ó da orin dùùrù lé e lórí kó lè bo ìtìjú rẹ̀, ó sì fi han àwọn èèyàn.

Wọ́n yìn ín. Àǹtí Eyín ní ó dà bí àlá. Onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wọn ju òòyà sílẹ̀ lórí oníbàárà.

"Àwòdì, ṣó ò lè ya èmi náà látòkè báyìí?"

"Mo lè yà yín, mà. Ṣùgbọ́n orí yín nìkan ló máa hàn."

"Orí mi kọ́ ni iṣẹ́ mi? Yà á!"

Ọjọ́ Ẹtì, kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, ni fídíò gbọ́dọ̀ dé èbúté. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kóun náà rí i. Àǹtí Eyín kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, òun ló gbé kọ̀ǹpútà sórí ìrọ̀rí níwájú Bàbá. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Bí òkúta kan tó mọ̀ bá kọjá, á rọra mi orí sí i, bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti máa ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó dé ìparí, ẹ̀rín náà kúrò.

"Dá a padà síbẹ̀."

Àwòdì dá a padà.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún dá a padà.

"Ta ló lé omi?" ni Bàbá béèrè.

"Omi wo, Bàbá?"

"Omi tó ń sá yìí. Èmi mọ̀ pé ìgbì máa ń wá fọ́ lára òkúta ni. Èyí tìrẹ, ara òkúta ló ti ń jí, ó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ń lọ sílé. Ṣé ó gbàgbé nǹkan ni?"

Àǹtí Eyín bú sẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ti yìn ín. Àwòdì jẹ́wọ́. Ó ṣàlàyé bó ṣe yí i padà, ó sì gbèjà ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè rí i. Mo ti fi han èèyàn mẹ́fà."

"Iṣẹ́ wo làwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣe?"

"Àǹtí wà níbẹ̀. Onídìrí. Ẹni tó ń..."

"Eyín àti irun," ni Bàbá wí. "Ibo lo ní wọ́n fẹ́ gbé e sí?"

"Gbọ̀ngàn àwọn tó ń dúró de ọkọ̀."

"Àwọn wo ló ń jókòó níbẹ̀? Atukọ̀. Ìyàwó atukọ̀. Ọmọ atukọ̀. Ìyá apẹja. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á fún ẹ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ Àwòdì á tán, Fẹ̀yìnrìn ni wọ́n á máa pè ẹ́ títí wọ́n á fi sin ẹ́."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà, òun ló sì jẹ́ kó dunni. Àwọn aláṣẹ èbúté ti sọ pé bí èyí bá dáa, gbogbo àwòrán èbúté di ti Àwòdì lọ́dún náà. Bí gbogbo gbọ̀ngàn bá fi rẹ́rìn-ín, ta ni yóò tún pè é?

"Mo mọ bó ṣe yẹ kí n ṣe é," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀rọ yẹn ò lójú nípàkọ́ ni, Bàbá. Òpó iná yẹn ló pa èyí àkọ́kọ́."

"Òpó yẹn ò lé ẹnikẹ́ni bá rí. Ojú kan náà ló dúró sí látìgbà tí irun mi ti dúdú."

"Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ ọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí bí iṣẹ́, méjì méjì ni wọ́n máa ń lọ. Ẹnì kan á máa darí, ẹnì kejì á dúró, á máa wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ fún un."

"Kí ló dé tó ò mú ẹnì kan?"

"Ta ni mo fẹ́ mú? Mo mú Àǹtí lọ lọ́jọ́sí. Ẹ̀rọ ń lọ, wọ́n ń pariwo pé, 'Ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀!'"

"Ohun tí kò bá ti léyín," ni Àǹtí Eyín dáhùn, "èmi ò mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn."

Nǹkan tó wà lọ́kàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti wà lójú wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́. Bàbá náà wo ògiri ilé kejì. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi àtàǹpàkò ra orí ọ̀pá rẹ̀.

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," ló sọ, bí ẹni tó ń bá ọ̀pá náà sọ̀rọ̀, "ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni." Ó gbé ojú sókè. "Bàtà mi dà?"

Àǹtí Eyín wọlé lọ mú un. Bàtà tó wà lábẹ́ ibùsùn, ó gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó rí i. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó jáde. Ó ní eruku bàtà náà ló pọ̀.

Bí Bàbá ṣe dé orí àtẹ̀gùn, ó wo ìsàlẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Ó fẹ́ padà. Àwòdì ti sọ̀kalẹ̀ ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú rẹ̀. Ó sọ èyí tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ńlá?"

"Lórí àkàbà okùn."

"Ṣé ẹ máa ń kọjú sísàlẹ̀ ni?"

Bàbá wò ó bí ẹni tó bú ìyá rẹ̀. "Kí n lè ṣubú sómi bí àpò ìrẹsì? Ẹ̀yìn la fi ń sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ méjèèjì di irin mú. Èmi lojú ìpàkọ́ yín."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Bàbá yí padà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fi ọ̀pá há abíyá, tó sì di ẹ̀wù rẹ̀ mú láyà. Àwòdì wà nísàlẹ̀, ó ń pè é: "Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó dé. Ẹsẹ̀ òsì. Ẹ rọra, ó dé." Àǹtí Eyín ń kà á sókè bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó ka mọ́kàndínlógún, Bàbá dúró gbagidi.

"Ibẹ̀ nìyẹn, àbí?"

"Ibẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ọsàn kankan wà níbẹ̀?"

Àwòdì bẹ̀rẹ̀, ó wò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra. "Kò sí ọsàn, Bàbá."

"Ó dáa," ni Bàbá wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ kejì.

Nígbà tí wọ́n délẹ̀, Onídìrí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òòyà wà lọ́wọ́, ẹnu wà ní yíyà. "Háà! Bàbá Atọ́kọ̀! Ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Ẹ̀yìn mi lẹ ṣì ń wò," ni Bàbá fèsì. "Ẹ jẹ́ n yíjú padà ná, kó dá yín lójú."

Takisí ló gbé wọn dé etíkun. Agogo mẹ́ta ti lù dáadáa. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ilẹ̀ sí omi, òkun sì kún dé ọrùn ògiri òkúta. Àwòdì yára tú àpótí rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sókè lójú ẹsẹ̀. Bàbá ti jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ kan.

"Fi í sílẹ̀. A máa dúró."

"Bàbá, oòrùn ń lọ."

"Ibi tí oòrùn ń lọ, ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Omi tó kún báyìí ti bo gbogbo òkúta tó lẹ́wà mọ́lẹ̀. Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà, afẹ́fẹ́ á sì rọlẹ̀ díẹ̀."

Àwòdì yọ fóònù, ó wo ibi tí wọ́n ń kọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà sí. Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ó fi han Bàbá.

"Fóònù yẹn gbọ́n," ni Bàbá sọ.

Nígbà tí omi ti fà fún bíi wákàtí kan, Bàbá dìde dúró sí orí ògiri náà, ó kọjú sí òkun. Àwòdì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn òkúta ńlá kan nítòsí, kí kámẹ́rà má bàa rí wọn. Ẹ̀rọ gbéra, ó ń kùn bí agbọ́n. Ó lọ dúró síwájú Bàbá, kámẹ́rà kọjú sí i débi pé Àwòdì lè ka irùngbọ̀n rẹ̀ lójú ìdarí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Bàbá ń kéré sí i, ògiri òkúta ń gùn sí i, ilé àkọ́kọ́ yọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Máa bọ̀," ni Bàbá ń pariwo, bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀. "Máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ti fẹ́ kan òpó o, gbé e sọ́tùn-ún!"

Àwòdì tì í sọ́tùn-ún.

"Ọ̀tún mi, ọ̀tún tèmi! O tún ń súnmọ́ ọn! Ọ̀pá ni kó o wò, má tẹ́tí sí ẹnu mi!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Bàbá kọjú sí òkun, ẹ̀rọ kọjú sí Bàbá, ọ̀tún ẹnì kan ti di òsì ẹnì kejì. Ẹnu Bàbá lè ṣi ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ ò lè ṣì í. Àwòdì gbàgbé etí, ó tẹ ojú mọ́ ojú ìdarí. Níbẹ̀, bàbá kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ na ọ̀pá kan tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ sí apá òsì. Ó tì í sí òsì. Àǹtí Eyín di ojú. Òpó iná gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọnú àwòrán, ó súnmọ́ débi tí ìpẹtà ara rẹ̀ fi hàn, ó sì ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di igi kékeré láàárín omi. Ẹ̀rọ ti kọjá rẹ̀. Gbogbo etíkun ṣí sílẹ̀ bí ọwọ́ tí wọ́n tẹ́.

"Ṣó ti kú?" ni Àǹtí Eyín béèrè, kò tíì la ojú.

"Kò kú."

"Ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀?"

"Ẹ la ojú yín jọ̀ọ́, Àǹtí."

Àwòdì fẹ́ pè é padà, Bàbá ní kó jẹ́ kó dúró síbẹ̀, kó máa wò. Ó jẹ́ kó dúró lójú kan lójú ọ̀run fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, títí bátìrì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi ń fà, òkúta ń yọrí lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá ò sì sọ ọ̀pá kalẹ̀. Ó ń fi í júwe wọn fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń sọ fún wọn èyí tó há ọkọ̀ onígi lẹ́sẹ̀ lọ́dún kan, èyí tí wọ́n máa ń fojú dá ẹnu èbúté mọ̀ nínú kùrukùru, èyí tó ti bá ìyá wọn jókòó lé lórí nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń pè é ní Bàbá. Àǹtí Eyín ò bi í pé báwo lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ó ti ń dúró lé e lórí látìgbà tí ẹ̀rọ ti gbéra.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ Ẹtì dáadáa, Àwòdì ti yọ omi tó ń padà sílé kúrò, ó ti fi ojúlówó sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tí ẹ̀rọ fi dúró lójú kan ńkọ́? Ó mú kó máa sáré títí ó fi di ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá, ó fi parí fídíò náà. Agogo mọ́kànlá ló gbé e dé èbúté.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, Bàbá wà níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́ta, ó tún gùn ún padà, àwọn aládùúgbò sì ti mọ̀ pé kéèyàn má bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi máa yíjú padà. Àwọn atukọ̀ àgbà wo fídíò náà dé ìparí, wọ́n mi orí. Ọ̀kan nínú wọn wo bí omi ṣe lọ sílẹ̀ tó, ó yíjú sí ẹnì kejì, ó ní, "Ìgbà tí omi ń fà ni wọ́n yà á." Ìyìn tí Àwòdì ń wá nìyẹn. Kò wá èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onídìrí ló gé ìṣẹ́jú-àáyá méjìlá yẹn nìkan sórí fóònù rẹ̀. Kò fi ìyókù sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju bàbá arúgbó kan lọ, tó na ọ̀pá, tí òkun sì ń sáré kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ gbà á, àwọn tí kò gbé etí omi rí gbà á lọ́wọ́ wọn, ó di ohun tí ẹ ti gbọ́ yẹn. Bàbá fúnra rẹ̀ ò sì ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dá a dúró lójú pópó láti bi í, ńṣe ló máa ń wo ọ̀tún, á wo òsì, á rẹ ohùn sílẹ̀. "Ohun tó wà láàárín èmi àti òkun," á ní, "kò ṣeé sọ ní gbangba." Àǹtí Eyín á bá fà á lápá aṣọ, "Bàbá, ẹ má purọ́ fọ́mọ ọlọ́mọ."

Omi òkun etíkun náà máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n yà á yẹn, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló bẹ̀rẹ̀.